Pẹ́pẹ́yẹ Rọ́bà

Lójoojúmọ́, bí oòrùn bá ti mú dáadáa, télọ̀ náà á dìde nídìí máṣíìnì rẹ̀, á lọ fọ ohun ìṣeré. Àwọn bíríkì oníke ló kọ́kọ́ máa ń rẹ sínú omi gbígbóná àti ọṣẹ. Á fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha kọ̀rọ̀ wọn, á fi omi tó mọ́ ṣàn wọ́n, á sì sá wọn sórí aṣọ funfun. Ọmọláńgidi aláṣọ, ṣe ló máa ń sè é.

Ẹ̀rù ló ń mú un ṣe iṣẹ́ náà.

Dókítà ti sọ fún un pé, "Kòkòrò tí ẹ̀yin yòókù á gbé mì tí ẹ ò ní mọ̀ lè gba ẹ̀mí aláìsàn yín láàárín ọjọ́ méjì. Tí ara rẹ̀ bá gbóná kọjá méjìdínlógójì, ẹ má dúró pààrọ̀ aṣọ. Ẹ gbé e wá."

Wọ́n ti gbé e lọ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, ó fúyẹ́ lọ́wọ́ télọ̀ náà débi pé ó ń wo àyà rẹ̀ bóyá ó ń mí.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó mú pẹ́pẹ́yẹ rọ́bà, ó fún un nínú omi. Nǹkan dúdú tó ń yọ̀ tú jáde láti ihò kékeré tó wà nídìí rẹ̀. Ó tún un fún. Òmíràn tún jáde.

"Màmá!"

Ìyá àgbà tó wá bá wọn gbé látìgbà tí àìsàn náà ti bẹ̀rẹ̀ sáré jáde.

"Ibo ni pẹ́pẹ́yẹ yìí wà lánàá?"

"Orí bẹ́ẹ̀dì ni. Wọ́n kó o mọ́ àwọn yòókù." Ìyá àgbà rí omi náà. "Yéè! Ó fẹnu kò pẹ́pẹ́yẹ náà lẹ́nu. Mo wà níbẹ̀, mò ń rẹ́rìn-ín."

Wọ́n wọ yàrá. Oorun ń gbé aláìsàn lọ, orí rẹ̀ ń dán lórí ìrọ̀rí, kò sí irun kankan níbẹ̀ mọ́. Télọ̀ fi tẹmómítà há a lábíyá. Ó fara ti ògiri.

"Dákun, ọmọ mi," ìyá àgbà ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Ìwọ ni kí o sin mí o. Má jẹ̀ẹ́ kí n sin ọ́."

Tẹmómítà dún.

"Mẹ́tàdínlógójì."

"Ṣé o kà á dáadáa? Tún un fi sí i."

Ó tún un fi sí i. Mẹ́tàdínlógójì náà ni. Dókítà sọ lórí fóònù pé kí wọ́n máa wò ó ní wákàtí wákàtí. Télọ̀ ju pẹ́pẹ́yẹ náà nù, ó gbé omi mìíràn kaná, ó sì tún gbogbo yòókù fọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní aago mẹ́rin, ọkọ̀ jẹ́lé-ó-sinmi já ọmọ ọdún mẹ́ta tó ni ohun ìṣeré náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ó ń fò bí ọmọ ewúrẹ́, télọ̀ tó jẹ́ bàbá rẹ̀ fọ ọwọ́ rẹ̀ dé ìgúnpá, ó pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, ó kó ohun ìṣeré lé e lọ́wọ́, ó sì ṣí ilẹ̀kùn yàrá fún un: "Ìyá ẹ ti jí. Rọra gun bẹ́ẹ̀dì o, kò tíì lágbára."