Rọ́bà Ẹnu Ilẹ̀kùn Ọkọ̀ Ìjàpá

Oníṣẹ́ ọkọ̀ kan ti yọ rọ́bà gbígbó kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn ọkọ̀ àtijọ́ ẹlẹ́yìn rogodo kan tí wọ́n ń pè ní ìjàpá, ó ń lẹ tuntun látinú, ni atẹ́gùn bá gbá ilẹ̀kùn dé. Ó tì í títí, kò ṣí, nítorí ọwọ́ inú ilẹ̀kùn méjèèjì ti ṣẹ́. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ bàbá tó ni ọkọ̀. Òórùn gọ́ọ̀mù gbà á lọ́fun.

"Bàbá, ẹ ṣílẹ̀kùn o!"

Bàbá yọjú. "Ta ni ọ́?"

"Ẹ̀yin lẹ pè mí láàárọ̀, sà!"

Bàbá wò ó títí. Ó ṣílẹ̀kùn kejì, ó wọlé, ó sì tún un tì. "Dẹ́rẹ́bà, ó yá, gbé mi lọ sí Ìdógùn. Òní ni mò ń gbé Agatha níyàwó."

Agatha, ìyàwó rẹ̀ láti àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, dúró níta gíláàsì. Ó fi ìborùn nu ojú.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó ní, "ṣé mo lè bá yín lọ wo ìyàwó?"