Ẹsẹ Tí Ajánásì Kà

Ifọ̀ nìyí, ọdún 1954, nínú oṣù ààwẹ̀.

Wáàsí ìrọ̀lẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Ajánásì ń ka ẹsẹ ogún pínpín lédè Lárúbáwá, Àfáà ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa.

"Ọlọ́run ní obìnrin kì í jogún oko bàbá rẹ̀!"



Irọ́ ni! Irọ́ ńlá!

Èmi Sùwéébátù mọ ẹsẹ yìí. Bàbá mi, tó kú lóṣù tó kọjá tó fi oko obì sílẹ̀, ló fi kọ́ mi ní kéú. Ìpín ọmọbìnrin wà nínú rẹ̀ kedere.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò gbọ́ tèmi, obìnrin tó jókòó sẹ́yìn?

Ajánásì nìkan ló lè gbà mí. Òun náà mọ ohun tó fẹnu ara rẹ̀ kà.

Mo tẹjú mọ́ ọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹsẹ náà sọ tẹnu rẹ̀.

Ó ṣí ewé ìwé sí òdìkejì.

Wáàsí parí. Ajánásì wá bá mi níta, kò wojú mi.

"O ti gbọ́ ohun tí Ọlọ́run wí. Kó ẹrù ẹ kúrò lóko obì yẹn lọ́la."

Mo kúnlẹ̀ kí i, omijé ń bọ́ lójú mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, orí ẹní kan náà ni bàbá wa ti kọ́ èmi àti ẹ̀yin ní ẹsẹ yẹn."