Ohùn Bàbá Lẹ́nu Ọmọ Tuntun

Mọ́rẹ́nikẹ́ fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí, lọ́dún 2016, lọ́jọ́ tí ọmọ rẹ̀ obìnrin gbé àkọ́bí rẹ̀ dé láti ilé ìwòsàn. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fetí sí i.

Ìgbẹ́tì ni Mọ́rẹ́nikẹ́ ń gbé lọ́dọ̀ Àwẹ̀ró, ìyá ọkọ rẹ̀. Onínúure ni Àwẹ̀ró, ṣùgbọ́n ohun tí ọkàn rẹ̀ bá fẹ́ nìkan ni etí rẹ̀ máa ń gbọ́. Kò tíì pẹ́ tí ọkọ Àwẹ̀ró kú tí Mọ́rẹ́nikẹ́ fi bí ọmọkùnrin. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn bí ó ti ń mí: "Hùn-ún, hùn-ún."

"Ohùn ọkọ mi nìyí!" ni Àwẹ̀ró ké. "Babátúndé ti dé!" Ó fi aṣọ òfì di ọmọ náà láti ọrùn dé ẹsẹ̀, kí òtútù má baà mú "Bàbá."

Àwọn aládùúgbò ń rẹ́rìn-ín wọlé. "Bàbá, ẹ̀yin àti ìráhùn yín lẹ tún jọ dé!"

Mọ́rẹ́nikẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn ń ro ó, oorun ti tán lójú rẹ̀, ọmú sì kún láyà rẹ̀, nítorí bí ọmọ bá fà á díẹ̀, á jù ú sílẹ̀ láti wá èémí. Ó ti sọ títí pé ara ọmọ náà kò yá. Èsì kan náà ni Àwẹ̀ró ń fún un: "Ó rẹ̀ ọ́ ni, aya mi. Lọ sùn."

Àárẹ̀ kò jẹ́ kí ó lè jiyàn mọ́. Ó kàn béèrè pé, "Màámi, ìgbà wo ni Bàbá máa ń kùn báyìí?"

"Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n lò kẹ́yìn lórí ẹní," Àwẹ̀ró dáhùn jẹ́jẹ́. "Nígbà tí wọn ò rí èémí mí dáadáa mọ́."

Ó sáré tú aṣọ òfì náà. Ihò imú ọmọ ń fẹ̀, abẹ́ ìhà rẹ̀ sì ń jìn wọnú ní gbogbo ìgbà tó bá mí.

"Yéè! Gbé e, ká lọ!"

Nílé ìwòsàn, wọ́n ní àrùn ẹ̀dọ̀fóró ni. Nọ́ọ̀sì fi rọ́bà afẹ́fẹ́ sí i nímú, wọ́n sì ń fún un lábẹ́rẹ́. Orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni ọjọ́ kẹjọ, ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, bá a.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìfẹ́ tí kò tú aṣọ wò lè pa ọmọ. Bí ọmọ tuntun bá ń kùn, tí abẹ́ ìhà rẹ̀ ń jìn, ẹ má ṣe wá orúkọ fún un. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ. Àrùn là á wò, a kì í wo ikú.

Nígbà tí wọ́n padà délé, gbogbo ènìyàn ń retí kí wọ́n sọ ọmọ náà ní Babátúndé. Àwẹ̀ró gbé ọmọ náà mọ́ etí, ó tẹ́tí títí, kò gbọ́ kí ó kùn mọ́.

"Bàbá ti lọ," ó ní. "Ẹ̀míọlá ló wà níbí."

Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹwàá, ọdún 1987 ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ náà.