Adéòkè Lọ Wo Òkun

Láti ìgbà tí Adéòkè ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni Bọ́sẹ̀dé, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ti ń sọ pé òun á mú un lọ wo òkun. Lẹ́yìn ọdún tuntun, nígbà tí ọyẹ́ ṣì mú, ó wakọ̀ láti Èkó wá sí ilé wọn ní Ganaja ní Lọ́kọ́ja, ó ní kí ìyá òun di ẹrù.

"Bàbá yín ńkọ́?" ni Adéòkè bi í.

Olúṣínà, ọkọ rẹ̀, jókòó sórí àga, ó ń bó ọsàn. "Orúnkún mi yìí ò lè gba ìrìn Èkó," ni ó wí. "Ìwọ àti ọmọ rẹ, ẹ máa lọ. Ẹ má kánjú bọ̀."

Òun fúnra rẹ̀ ni ó gbé báàgì ìyàwó rẹ̀ sínú ọkọ̀. Èyí dùn mọ́ Adéòkè nínú. Ọkùnrin náà ti yí padà láti bí oṣù mélòó kan. Ó ti kun gbogbo yàrá, ó ti pààrọ̀ kọ́tìnì, ohun tí Adéòkè ti ń bẹ̀ ẹ́ fún láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti wà nílé ìwé.

Ilé ìtura tí wọ́n dé sí ní Badagry kọjú sí òkun gan-an. Ibi tí odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé ni Adéòkè ti ń wò láti ọjọ́ tó ti dé Lọ́kọ́ja. Ó rò pé òun mọ omi. Ìlú Ìyàrà ni wọ́n bí i sí, níbi tí àwọn èèyàn ti ń fi "Òkun" kí ara wọn. Bí omi náà ṣe ru wá bá a lẹ́sẹ̀, ó tẹrí ba, ó ní, "Òkun o!" Bọ́sẹ̀dé rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí iyanrìn.

Lọ́jọ́ kejì, Tósìn àkọ́bí rẹ̀ pè wọ́n ní fídíò láti Kánádà. Yìnyín bo iwájú ilé rẹ̀ bí òwú tí wọ́n gbọ̀n sílẹ̀. Adéòkè fi ìka kan ojú fóònù.

"Màmá, Kérésì tó ń bọ̀, ibí lẹ máa wá. Ẹ máa fẹsẹ̀ ara yín tẹ̀ ẹ́."

"Èmi àti bàbá rẹ."

Tósìn wo ẹ̀gbẹ́ kan. "Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ fẹ́ rí," ni ó wí. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní òtútù ni.

Nígbà tí ìpè náà parí, Bọ́sẹ̀dé kò dá fóònù ìyá rẹ̀ padà. "Ìsinmi la wá ṣe, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n bá yín tọ́jú ẹ̀. Àwọn ará ìjọ yín ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ sinmi." Nígbàkígbà tí Adéòkè bá bèèrè bóyá bàbá wọn pè, Bọ́sẹ̀dé a ní nẹ́tíwọ̀kì Lọ́kọ́ja ò dáa.

Ní Sátidé, nígbà tí Bọ́sẹ̀dé lọ ra ẹja yíyan, Adéòkè yá fóònù Jàmíátù, obìnrin Ebira tó ń dáná nílé ìtura náà. Nọ́ńbà ọkọ rẹ̀ kò wọlé. Ó pe Zipporah, aládùúgbò wọn ní Ganaja. Ariwo èèyàn pọ̀ lẹ́yìn ohùn obìnrin náà.

"Èmi ni, Màmá Tósìn. Mò ń wá ọkọ mi."

Zipporah rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé Bọ́sẹ̀dé wà lọ́dọ̀ yín?"

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ mọ́kàn le, Màmá Tósìn. Ẹ má bínú, kò yẹ kó jẹ́ ẹnu mi lẹ ti máa gbọ́ ọ." Ó gé ìpè náà.

Nígbà tí Bọ́sẹ̀dé dé, ìyá rẹ̀ ti di ẹrù, ó jókòó sórí ibùsùn.

"Mú mi lọ sílé."

"Màmá, ẹ jẹ́ ká dúró di ọjọ́ Ajé."

"Bàbá rẹ dà?"

Bọ́sẹ̀dé bú sẹ́kún. Adéòkè kò tún bi í ní nǹkan kan mọ́.

Ilẹ̀ mọ́, wọ́n gbéra. Nígbà tí wọ́n dé Ọ̀kẹ́nẹ́, Adéòkè ní kó dúró, ó ra gèlè dúdú kan lẹ́bàá ọ̀nà. Bọ́sẹ̀dé wo gèlè náà, ó yára yíjú sí ọ̀nà. Adéòkè wé e. Ní gbogbo ọ̀nà tó kù, ó ń bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú ọkàn. Ó dárí gbogbo ohun tó ti ṣe sí i rí jì í. Ó ní kí òun náà dárí ji òun, nítorí iyọ̀ tí òun kò fi sí ọbẹ̀ rẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí dókítà ti kìlọ̀.

Àwọn ọkùnrin kan ń tú kánópì níwájú ilé. Wọ́n ti to àga oníke léra. Zipporah sáré wá, ó dì mọ́ ọn lẹ́nu géètì, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Adéòkè káwọ́ lérí. "Olúṣínà! O ò tiẹ̀ dúró kí n dé!"

Ilẹ̀kùn ṣí. Olúṣínà jáde nínú agbádá funfun, ó dúró lórí àtẹ̀gùn.

Adéòkè já gèlè náà sọnù. Ó ṣubú sórí eékún, ó rákòrò lọ bá a, ó gbá a lẹ́sẹ̀ mú. "Jésù, o ṣeun! Ọkọ mi ò kú! Ọkọ mi wà láàyè!" Olúṣínà kò fọwọ́ kàn án. Ó ń wo Bọ́sẹ̀dé.

Nígbà náà ni ọ̀dọ́bìnrin kan gbé omi jáde lẹ́yìn rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìrìn, ìyáálé mi," Bọ́sẹ̀dé sì tẹ̀ síwájú, ó gba ife náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rọra bi í bóyá aṣọ ìyàwó tí òun fi ránṣẹ́ láti Èkó bá a mu.