Ìgò Wáìnì Láti Mẹ́síkò

Ẹ̀yin ọmọ mi, ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà níbí ni mo ti ń dá ẹmu láti ìgbà tí mo ti kúrò ní ilé-ìwé girama. Kò sí ẹmu tí mo máa tọ́ wò tí n kò ní lè sọ ọjọ́ tí wọ́n dá a. Ìyẹn ló jẹ́ kí n máa rò pé kò sí ohun mímu tí mo ní láti bi ẹnikẹ́ni léèrè nípa rẹ̀. Àléébù mi nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ mi obìnrin, Ìbídùnní, dé láti Mẹ́síkò. Oko àjàrà ló ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ní àfonífojì kan tí wọ́n ń pè ní Guadalupe. Ó ní ọ̀sán ibẹ̀ gbóná, òjò wọn kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n òkun kò jìnnà, kùrukùru òkun a sì máa bo oko náà láàárọ̀. Kò lè wálé nígbà tí a sin ìyá rẹ̀. Ìrántí ọdún kan ló wá bá wa ṣe.

Ó gbé ìgò wáìnì pupa kan wá. Wọ́n kọ ọdún tí wọ́n ṣe é sára ìgò náà; ó ti pé ọdún mẹ́fà. Ó ní òun fẹ́ kí èmi àti àwọn ẹbí ìyá òun mu ún lọ́jọ́ ìrántí, pẹ̀lú ẹran ewúrẹ́ sísun.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó ṣí ìgò náà, ó fi í sílẹ̀ lórí tábìlì láìdé e, ó sì lọ sẹ́yìnkùlé lọ sun ẹran. Mo rò pé ó gbàgbé ni. Mo da díẹ̀ sínú kọ́ọ̀bù, mo tọ́ ọ wò. Ó kan. Ó korò. Ó fa ẹnu mi pọ̀ bí èèpo àgbálùmọ̀.

Ọkàn mi dàrú. Ẹmu ọjọ́ mẹ́ta làwa ń dà nù, ti ọdún mẹ́fà ńkọ́? Mo ro ti àwọn àna mi tí ń bọ̀. Mo ro ojú tí yóò ti ọmọ mi. Mo da wáìnì inú ìgò náà sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo ṣan ìgò náà, mo sì rọ ẹmu tí mo dá láàárọ̀ yẹn kún un. Mo rò pé mo ṣe dáadáa ni.

Ìgò náà dúdú, ojú kò rí inú rẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn jókòó, Ìbídùnní rọ ife àkọ́kọ́. Funfun ló jáde, ó ń hó.

Adéwùsì, àbúrò ìyàwó mi, wò ó títí. "Ẹ̀gbọ́n, pupa lẹ ní ká wá mu. Ṣé ojú ọ̀nà ló ti pa àwọ̀ dà ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìbídùnní kò rẹ́rìn-ín. Ó gbóòórùn ife náà, ó wò mí.

"Bàbá, ta ló fọwọ́ kan ìgò yìí?"

"Èmi ni. Ó ti kan. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ ni."

"Kò bàjẹ́, Bàbá. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ẹran ọlọ́ràá ló máa ń jẹ́ kó dùn. Mo ṣí i sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i ni."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ẹ ò bi mí."

Lẹ́yìn náà ló sọ pé àjàrà tí òun kọ́kọ́ fọwọ́ ara òun ká ní oko náà ni wọ́n fi ṣe é. Òun àti ìyá òun ti ṣàdéhùn lórí fóònù pé ọjọ́ tí òun bá wálé làwọn máa jọ mu ún. Ìyá rẹ̀ kò sọ fún mi. N kò mọ ìdí. Mo ṣì ń rò ó dòní.

Ìwọ̀nba díẹ̀ ṣẹ́kù nínú kọ́ọ̀bù tí mo fi tọ́ ọ wò. Ó gbé e wá, ó gé ẹran tó lọ́ràá fún mi. Ó ní kí n jẹ ẹ́, kí n tó mu. Mo jẹ, mo mu. Kíkan rẹ̀ gé ọ̀rá kúrò lẹ́nu mi. Adùn bíi ti ìyeyè tó pọ́n yọ, lẹ́yìn rẹ̀ bí èéfín igi, lẹ́yìn rẹ̀ iyọ̀ díẹ̀. N kò mọ bí ohun kan náà ṣe lè burú láàárọ̀ kó sì dára lọ́sàn-án.

"Báwo ló ṣe rí?" ló bi mí.

Ìgbà náà ni mo wo kọ́ọ̀bù náà. N kò ṣẹ́ nǹkan kan kù fún un. Ó ní òun ti mu òmíràn níbẹ̀, ṣùgbọ́n ti ọdún yẹn kò tíì kan ahọ́n òun rí. Ìyá òun lòun ń dúró dè.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Mo ní ìyeyè. Mo ní èéfín. Ó dijú, ó ń gbọ́. N kò mọ̀ bóyá mo sọ ọ́ bó ṣe yẹ.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí, ẹ̀yin ọmọ mi. Bí ẹ bá mọ tiyín dáadáa, ìyẹn kò túmọ̀ sí pé ẹ mọ ti ẹlòmíràn. Ohun tí ẹnì kan bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé wá bá yín, ẹ bi í pé kí ni, kí ẹ tó sọ pé kò dára. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ì bá jẹ́ kí ọmọ mi mu wáìnì òun àti ìyá rẹ̀.