Àwo Ìyá Ọkọ

"Ìyá ọkọ mi, ẹ kú àárọ̀. Ṣé ẹ ò tíì kú ni?"

Bí Ẹlẹ́nu Abẹ ṣe máa ń kí àwo kékeré kan ní láàbù wọn nìyẹn, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Ó fi bírò kọ "Ìyá Ọkọ" sí i lára. Sẹ́ẹ̀lì ló wà nínú ẹ̀. Tó bá kán omi tannátanná sí i, sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè á tàn. Òkú kì í tàn.

Oògùn mẹ́jọ ló ti dà lé e lórí. Ṣe ló ń tàn yanran.

"Kí lobìnrin yẹn tiẹ̀ ṣe fún ẹ?" ni ọ̀gá ń bi í.

"Ẹ jẹ́ kó kú ná, sà."

Gbogbo láàbù bú sẹ́rìn-ín.

Lónìí, oògùn kẹsàn-án. Ó pa iná, ó kán omi, ó fojú sí ẹ̀rọ.

Ó dú bíi kóró iṣin.

Ó tún un kán. Kò tàn.

Ó fò sókè, ó fa fóònù yọ.

"Màmá! Ó ti kú o! Jẹjẹrẹ tí wọ́n gé lára ọmú yín, oògùn kẹsàn-án ti pa á! Mò ń pe dókítà yín báyìí!"

Ìyá ọkọ ẹ̀ fa imú.

"O ṣeun, ìyàwó mi. Àmọ́ oògùn mẹ́sàn-án? Bó o ṣe máa ń lọ́ra nídìí ọbẹ̀ náà nìyẹn."