Ìbọ̀wọ́ Oníbátìrì

Iná ti lọ lábúlé àwọn ẹ̀yà Sakha kan níhà àríwá ayé, òtútù sì ti wọlẹ̀ dé ìwọ̀n mẹ́rìnléláàádọ́ta nísàlẹ̀ òdo.

Bí Kyunney, òṣìṣẹ́ iná, ò bá gun òpó lọ tún iná ṣe báyìí, kí wákàtí méjì tó pé, omi á dì nínú gbogbo páìpù tó ń mú ilé gbóná, wọn á sì bẹ́.

Ó yọ bàtà àti ìbọ̀wọ́ oníbátìrì rẹ̀, tó ń mú ẹsẹ̀ àti ọwọ́ gbóná, jáde nínú ẹ̀wù onírun bàbá rẹ̀, níbi tó fi wọ́n pamọ́ sí kí òtútù má baà pa bátìrì.

Prokopy, ọ̀gá tuntun tí wọ́n rán wá láti ìlú, bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ wá wo ọmọ Sakha tó ń ṣájì ẹsẹ̀ bí ẹni ń ṣájì fóònù."

Àwọn ará abúlé ò bá a rẹ́rìn-ín.

"Ẹsẹ̀ tèmi ni, ọ̀gá." Kyunney ti ẹsẹ̀ bọ bàtà.

"Gavril ńkọ́? Òpó yìí gan-an ló gùn láyé ọjọ́un. Ọwọ́ lásán ló fi tún un ṣe. Kò sí òṣìṣẹ́ tuntun tí a kì í sọ ìtàn ẹ̀ fún. Ọkùnrin mẹ́ta nìyẹn."

"Ẹ ti rí Gavril rí?"

"Èwo ni kí n rí i? Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n."

Kyunney wọ ìbọ̀wọ́ méjèèjì. Wọ́n nípọn débi pé kò lè fúnra rẹ̀ tẹ bọ́tìnnì. Ó na ọwọ́ sí bàbá rẹ̀, tó dúró tì í.

"Bàbá, ẹ bá mi tàn án."

Bàbá bẹ̀rẹ̀, ó fi àgbọ̀n tẹ bọ́tìnnì. Apá ẹ̀wù rẹ̀ sún sókè. Kò sí ìka kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì; òtútù ti jẹ gbogbo wọn.

Iná pupa tàn lọ́rùn ọwọ́ Kyunney. Ó di òpó mú.

"Ọ̀gá, Gavril tí ẹ ń wí, bàbá mi nìyí. Ẹ bọ̀ wọ́n lọ́wọ́."